Èéfín Méjì

Ní Bergen, òjò ni onílé, oòrùn ni àlejò.
Ìlú tí bàtà kì í gbẹ lẹ́sẹ̀ ọmọdé,
ibẹ̀ náà ni iná ti jó, tó jó,
tó jó títí dé etí omi,
tó tún fẹ́ mọ̀ bóyá omi náà lè gbiná.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú.
Ìlú tó kú ńkọ́, kí ló fi bojú?
Aṣọ ọ̀gbọ̀ kan ni, kò ju ìnàpá méjì lọ,
tí ẹnìkan tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ fi ọ̀dà kùn
nígbà tí ilẹ̀ ṣì ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn atukọ̀.
Fìtílà òróró ẹja ń mí sí i lójú,
àbẹ́là ń mí sí i, àwọn akọrin ń mí sí i,
títí iná inú rẹ̀ fi ṣókùnkùn,
tí àwọn ọmọdé fi ń pè é ní Òru.
Baba kan, Torleiv Gjessing, fi ànàmọ́ gígé nù ún,
ó fi fáníìṣì bò ó, ó ní ara rẹ̀ ti yá.
Egbò tó jinná lójú, tó ń rà nísàlẹ̀.

Ní báyìí ó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì Ragnfrid.
Èmi ni mo ń wé òwú mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́,
òun ló ń fi í sẹ́nu,
nítorí kò sí oògùn inú ìgò
tó mọ ẹ̀rọ̀ bí itọ́ ènìyàn.
Ẹ wò ó: itọ́ tó yẹ kó paná, ó ń tanná.
Ìwọ̀n èékánná kan láàárọ̀,
ìwọ̀n èékánná kan lálẹ́.
Òrùlé jáde. Ọkọ̀ ojú omi jáde,
ìgbòkun rẹ̀ ti di ahọ́n iná.
Ilé tí wọ́n ń kó pánla sí jáde:
ẹja tó ti kú, tó ti gbẹ,
tó tún wá ń kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, ọkùnrin kan jáde,
ó pọn ilẹ̀kùn sẹ́yìn.
Kò gbé àpótí, kò gbé ọmọ.
Ilẹ̀kùn lásán, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lójú rẹ̀.
Ragnfrid dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé.
Ó pẹ́ kó tó padà.

Lókè ọkùnrin náà ni èéfín. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.
Èyí tí ayàwòrán kùn, dúdú ni.
Èyí tí fìtílà kùn, dúdú náà ni.
Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀rí, ọ̀kan jẹ́ ìdọ̀tí,
wọ́n sì ti sùn ti ara wọn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀
tí wọ́n fi jọra bí tọkọtaya tó darúgbó pọ̀.
A ó gbé òwú síbi ìmọ́lẹ̀, a ó máa wò ó:
ṣé ìdọ̀tí là ń nù yìí,
àbí ọ̀rọ̀ tí ẹni yẹn fẹ́ sọ?

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, òwú gbé búlúù wá.
Búlúù! Èwo ni búlúù nínú ẹ̀gbin?
Ó ju igi náà nù bí ẹni tí àkeekèé ta.
Ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ péré,
a ti nu ojú ọ̀run díẹ̀ kúrò láyé.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, wákàtí, ìwọ̀n,
ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, ẹ̀bi mi.
Igun òkè lọ́wọ́ òsì, ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà,
fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn,
tí ojú rẹ̀ lè mú ju tiwa lọ.

A gbé e padà nínú òjò.
Ìyá Aslaug tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wò ó títí,
ó fi ìgbálẹ̀ ti ara ró.
"Ilé àwọn bàbá mi nìyẹn," ó ní,
ó sì nawọ́ sí igun dúdú náà gan-an,
níbi tí a ò tí ì rí nǹkan kan.
Mo fẹ́ sọ fún un pé ìdọ̀tí ni.
Mo ká àkàbà, mo gbé e jáde.